Ẹni Tó Gbé E Wá Ló Ń Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àánú kì í pa èèyàn. Dókítà ni mí. Mo ti rí ẹni tí ibà pa, mo ti rí ẹni tí ejò pa, mo ti rí ọkùnrin kan ní Igana tí ìgbéraga pa nítorí pé kò fẹ́ ṣí ìdí fún abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ògúnlékè lójú mi ní Pobè, àánú ni. Àánú inú ìgò. Inú ṣì ń bí mi sí i títí dòní, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bonaventure Fádèyí lorúkọ mi, ọmọ Sakété. Dakar ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tí ìjọba òmìnira gbé mi wá sí Pobè, inú ẹnikẹ́ni ò dùn. Àwọn ará Pobè ní dókítà làwọn tọrọ, ará Sakété ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn. Èmi náà, ibi tí mo fẹ́ ni Kutonu, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ sí dókítà lára. Kò sẹ́ni tó bi mí. Láyé ìgbà yẹn, ìjọba Dahomey ń yí padà bí ẹni ń pààrọ̀ ẹ̀wù. O lè sun oorun ọ̀sán kí o jí bá ààrẹ mìíràn. Lára ògiri ọ́fíìsì mi, ìṣó nìkan ló wà níbi tó yẹ kí fọ́tò ààrẹ wà. Eustache, nọ́ọ̀sì mi, ló ní ká fi ìṣó náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé òun nìkan ni kì í kúrò lórí oyè.

Ògúnlékè, akọpẹ ni, ọmọ Issaba. Kò sí ọ̀pẹ tó ga jù fún un. Wọ́n ní bó bá ti fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pẹ, kó o tó bú sín, ó ti wà lókè tó ń kọ ẹyìn. Àfi ọjọ́ tí igbà já. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì. Dókítà òyìnbó tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi tò ó fún un, ó sì tò ó dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ mọ̀rífíìnì tó ń gún un nítorí ìrora, kò mọ ibi tó yẹ kó ti dúró. Òmìnira dé, òyìnbó di ẹrù, ó wọ reluwé padà sí Àjàṣẹ́, ó lọ. Ẹsẹ̀ san. Abẹ́rẹ́ tán. Ara Ògúnlékè ò gbà pé ó tán.

Ibẹ̀ ló ti bá parẹgọ́ pàdé. Ta ni ò mọ parẹgọ́ nígbà náà? Oògùn inú rírun, nínú ìgò kékeré aláwọ̀ bí ilẹ̀, tó ń ta sánsán bí ọtí àníìsì àwọn òyìnbó. Kò sílé tí kò sí. Ẹ̀kán díẹ̀ nínú omi, ìgbẹ́ gbuuru á dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé oje òdòdó kan náà tí wọ́n fi ń ṣe mọ̀rífíìnì ló wà nínú rẹ̀. Ara Ògúnlékè mọ̀ ọ́n kíá, bí ajá ṣe ń mọ ọ̀rẹ́ olówó rẹ̀. Kì í kán ẹ̀kán ní tirẹ̀. Ṣe ló ń gbé ìgò sórí. Kò pẹ́ tí igbà rẹ̀ fi di ilé alántakùn lára ògiri, tí òun alára ń sùn lábẹ́ ọ̀pẹ tó yẹ kó máa gùn.

Ìyá rẹ̀, Morónkẹ́, ló fà á wá sọ́dọ̀ mi. Obìnrin kúkúrú, ẹnu rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ń ro ó, kò sì ní ọmọ méjì. Bàbá Ògúnlékè náà, akọpẹ ni. Òun já bọ́, kò dìde mọ́.

"Ọmọ Sakété," ó ní, "mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ di ọmọ ọba. Ẹ ṣáà dá a padà fún mi bó ṣe wà. Tó bá gun ọ̀pẹ báyìí, ó máa já bọ́. Tí kò bá gùn ún, ó máa sùn kú. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún àwọn méjèèjì. Mo ní tí a bá gba parẹgọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ á ya bò ó. Yóò máa gbé nínú ilé ìwòsàn, èmi nìkan ni n óò máa wọn oògùn fún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, n óò sì máa dín in kù bí ẹni ń yọ igi lábẹ́ ìkòkò, títí iná á fi kú. Ìyá ní òun gbọ́. Ògúnlékè ní òun gbọ́. Èmi náà gbọ́ ara mi, ó sì dùn mọ́ mi nínú.

Mo dín in kù. Ògúnlékè rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tún dín in kù. Ó ń sanra. Àwọn tí wọ́n kọ́ wa ní Dakar ní aláìsàn á máa sunkún, á máa làágùn, á máa bú dókítà. Ti èmi ń kí mi káàárọ̀, ó ń bèèrè àlàáfíà ilé mi. Ẹ wò ó, mo gbà pé mo ti di ọ̀gá. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ tí n óò sọ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris, mo ti mọ táì tí n óò so.

Eustache ló bà á jẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo Ògúnlékè tó ń sùn lọ́sàn-án gangan.

"Dókítà," ó ní, "ẹni tí a ń febi pa kì í yọkùn."

Mo lọ ṣí ìpéǹpéjú Ògúnlékè. Ẹyinjú rẹ̀ ti sún kì, dúdú inú rẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tí oje òdòdó yẹn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ nìkan lojú rẹ̀ ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ń fún un. Mo yíjú padà, Eustache ni mo sì rí, nítorí náà Eustache ni mo mú. Mo bá a jà níwájú gbogbo àwọn aláìsàn. Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó ààrẹ, ó sì lọ sílé. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó rántí pé òun gan-an ló là mí lójú, tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà síṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ kí n dúró nínú oòrùn dáadáa kó tó ní kí n wọlé.

Ọjọ́ ọjà ni àṣírí tú.

Ẹ mọ̀ bí a ṣe rí. A kì í fọwọ́ lásán kí aláìsàn. Ará Issaba tó bá wá ta ẹyìn, ará Ahoyéyé tó bá wá ra iyọ̀, kò ní kọjá kó má yà wo Ògúnlékè. Wọ́n kún àgbàlá mi bí ẹni wá ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀kọ, ọsàn, ẹja gbígbẹ, ẹ kú àìsàn, ẹ kú ìtọ́jú. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Eustache pariwo orúkọ mi lọ́nà tí kò tíì pariwo rẹ̀ rí.

Ètè Ògúnlékè ti dú. Ó mí ẹ̀ẹ̀kan, mo dúró de èkejì, èkejì ò fẹ́ dé. Ẹ̀rù bà mí, kí n má tan yín. Oògùn tó ń lé oje yẹn kúrò lára wà nínú ìwé, ó lè wà ní Paris pàápàá, kò sí ní Pobè. Ohun tó wà ní Pobè ni ọwọ́ wa. A gbé e dìde, èmi lápá ọ̀tún, Eustache lápá òsì, a da omi tútù lé e lórí, a gbá a létí, a ń wọ́ ọ yí igi máńgòrò inú àgbàlá ká, a ń pe orúkọ rẹ̀. Tó bá ti fẹ́ sùn, a gbá a. Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí, kò lè sunkún pàápàá. A rìn, a rìn, títí ọkùnrin náà fi la ojú, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ ń gbá mi létí báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì tún gbá a ní ọ̀kan tèmi tìkára mi.

Lẹ́yìn náà ni mo da apẹ̀rẹ̀ wọn sílẹ̀. Yéè! Parẹgọ́ nínú ìdí ọsàn. Parẹgọ́ nínú ẹ̀kọ, tí wọ́n dà á sí i kí wọ́n tó pọ́n ọn. Parẹgọ́ nínú ike ìpara. Mo ránṣẹ́ pe gbogbo àwọn tí mo mọ̀, mo sì bi wọ́n.

Ṣóbándé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, oníṣòwò ará Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ àti oògùn lọ́jà wa, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun rẹ̀ ṣeré. "Dókítà, díẹ̀ ni mo fún un. Ó ń wò mí bí ọmọ òrukàn."

Marcelline, obìnrin aládùúrà, dìde, ó wọ sùtánà funfun, láìwọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjọ rẹ̀ tó ti Àjàṣẹ́ wá ṣe ń ṣe. "Èmi ò fún un ní nǹkan kan. Omi àdúrà ni."

Mo gbóòórùn ìgò omi àdúrà náà. "Màmá, omi àdúrà wo ló ń rùn bí ilé ọtí?"

"Mo kán díẹ̀ sí i," ó ní, "kí àdúrà lè tètè wọlé."

Díẹ̀ ni oníkálukú fún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn ń fún un. Ẹni tó bá sì bèèrè lọ́wọ́ Ògúnlékè, ṣe ló ń sọ fún un pé, "Ìwọ nìkan ló ṣàánú mi." Mo wá yíjú sí Ìyá. Kò wò mí lójú.

"Nínú ẹ̀kọ," ó ní. "Ó ń sunkún, Dókítà. Ọmọ tí mo bí."

"Nígbà tó ń kú lẹ́ẹ̀kan yẹn, ṣé ẹ gbọ́ ẹkún rẹ̀?" Mo jágbe mọ́ ọn. Mo mọ̀ pé ìyá arúgbó ni. Mo jágbe mọ́ ọn síbẹ̀, nítorí pé èmi ni mo ń wọn oògùn láàárọ̀ láìmọ̀ pé wọ́n ń tàn mí, tí mo sì ń yan táì.

Mo ti ìlẹ̀kùn. Mo ní kò sí àlejò mọ́ fún Ògúnlékè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ariwo! Àwọn àgbà Issaba dé, wọ́n dé fìlà tí wọ́n ń dé lọ síbi òkú. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n ní kódà lẹ́wọ̀n Sakété, wọ́n ń jẹ́ kí ìyàwó olè gbé oúnjẹ wá, àbí kí ni Ògúnlékè jí? Wọ́n ní ó hàn pé ará Sakété ni mí. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ kọ̀máǹdáǹ, aṣojú ìjọba ní Pobè, lọ, ìyẹn náà, tí ẹ̀rù ààrẹ mìíràn tó lè gorí oyè lọ́la ń bà, ní kí n má dá ìjà ìlú sílẹ̀ fún òun. Kí n ṣí ìlẹ̀kùn.

Mo ṣí i. Ṣùgbọ́n mo ti ronú kan ọgbọ́n kan kí n tó ṣí i.

"Ẹ̀yin bàbá," mo ní, "àṣà ni mo fẹ́ tẹ̀ lé. Nílé wa, tí mo bá gbé omi fún àlejò, ta ló ń kọ́kọ́ mu ún?"

"Ẹni tó gbé e wá," wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí májèlé níbẹ̀."

"Ó dáa. Láti òní lọ, ẹni tó bá gbé nǹkan wá fún Ògúnlékè, níwájú mi ni yóò ti tọ́ ọ wò. Kì í ṣe bíi ti ẹyẹ o. Ìdajì."

Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Wọ́n kí mi pé mo lẹ́kọ̀ọ́.

Marcelline ló kọ́kọ́ kó sí i. Ó gbé omi àdúrà dé, mo ní kó mu ìdajì. Ó fẹ́ bínú, ó rántí pé omi ìbùkún ni, ó mu ún. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà ìsìn ọjọ́ náà, ó sùn lọ lórí eékún rẹ̀, gbogbo ìjọ pagbo yí i ká, wọ́n ní ẹ̀mí ti gbé e. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n dúró de ìran. Nígbà tó jí, wọ́n bi í pé kí ló rí lọ́run. Ó ní ọ̀run dákẹ́ rọ́rọ́, ara sì ń yún èèyàn níbẹ̀. Kò gbé omi wá mọ́.

Ṣóbándé sọ pé ọkùnrin lòun. Ó mu ìdajì ìgò tirẹ̀, ó tún fi díẹ̀ lé e nítorí pé Eustache rẹ́rìn-ín. Kò rí ìgbẹ́ yà títí ọjọ́ ọjà mìíràn fi dé. Gbogbo ọjà gbọ́ bó ṣe ń kérora lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. Ó wá bá mi, ó dúró tìkọ̀tìkọ̀.

"Dókítà, ṣé báyìí ni inú Ògúnlékè ṣe ń rí látọjọ́ yìí?"

"Báyìí gan-an ni."

"Págà," ó ní, "ọmọ yìí mà ti jìyà o." Ó sì kó parẹgọ́ kúrò lórí tábìlì rẹ̀ nítorí ara rẹ̀, kì í ṣe pé mo bẹ̀ ẹ́.

Bí àánú ṣe dúró nìyẹn. Ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí lóòótọ́. Bó ṣe ń kéré sí i ni ara Ògúnlékè ń mọ̀. Imú rẹ̀ ń ṣàn, ojú rẹ̀ ń ṣomi, awọ ara rẹ̀ sú bí ti adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́. Inú tó ti dí látọdún wá ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń bì. Ó ní egungun ń jẹ òun láti inú. Ó bú mi, ó bú Sakété, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ ilé sí Sakété. Mo jẹ́ kó bú wa. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń fún un lómi, ó ń nu ẹnu rẹ̀. Mo gbà pé ó ti jáwọ́. Ojú tó fi wo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí a wọ́ ọ yí igi máńgòrò ká, mo ní ìyẹn tó fún un.

Ọjọ́ tó burú jù wọ́n lọ bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n gbé aboyún kan, Claudine, wá láti Ahoyéyé, ó ti ń rọbí láti àná, ọmọ ò fẹ́ wá. Ọ̀sán ni. Èmi àti Eustache wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo jáde láti mí díẹ̀, mo sì rí Ògúnlékè tó ń rákò bọ̀ lórí ilẹ̀ pupa, ó ń lọ bá ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ máńgòrò. Ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ bí afẹ́fẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ bí mi. Ẹ má jókòó wò mí kí n kú. Ẹ̀kán kan. Mo mọ̀ pé ẹ ní in."

Ìyá ti ọwọ́ bọ ìdí ìró rẹ̀, ó tú kókó kan, ó sì mú ìgò jáde. Odindi ìgò, tí wọn ò tíì ṣí.

Orí mi gbóná. "Ìyá Ògúnlékè! Ẹ̀yin náà? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú yín rí?"

"Ẹ dákẹ́, ọmọ Sakété." Kò tilẹ̀ bojú wò mí. "Ẹni tó gbé e wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n…"

Ó fi eyín ṣí i, ó gbé e sẹ́nu. Mo rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò.

"Ìdajì! Ìyá, ìdajì ni mo wí!"

Kò dúró. Ó mu ún tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó dorí ìgò kodò kí ọmọ rẹ̀ lè rí i.

"Ó tán," ó ní fún un. "Ká ní mo dà á sílẹ̀, wàá lá ilẹ̀. Inú mi ló wà báyìí. Inú mi ni wọ́n ti bí ọ, o ò sì lè padà síbẹ̀ lọ mú un."

Mi ò ní bo Ògúnlékè láṣìírí: ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó já ìgò náà gbà, ó ti ahọ́n bọ ẹnu rẹ̀. Ó lá a. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó jù ú lu igi, ó ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ó ń fi ọwọ́ họ imú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́, orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Obìnrin kékeré, arúgbó, tí kò tọ́ nǹkan yẹn wò rí láyé rẹ̀, odindi ìgò. Mo ti rí ẹni tó lágbára jù ú lọ tó sun oorun yẹn lọ. Kí n tó gbé e dìde, Eustache ké láti inú ilé: "Dókítà! Ẹsẹ̀ ọmọ ni mo rí o! Ẹsẹ̀ ló ń mú bọ̀!"

Èèyàn kan ni mí. Mo wo ìlẹ̀kùn, mo wo ìyá.

"Ògúnlékè, gbọ́ mi. Tí ìyá rẹ bá sùn, ó lè má jí. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. A ṣe é fún ọ. Dìde."

"Mi ò lè dìde." Ó ń gbọ̀n, itọ́ àti ikun ti dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Dókítà, ẹ wò mí. Mi ò lè dìde."

"Jókòó nígbà náà, kí o máa wò ó."

Mo sá wọlé lọ bá Claudine. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mi ò sì ní òmíràn.

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ mi wà lára ọmọ, etí mi wà níta. Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́, "Ìyá." Mo tún gbọ́, "Ìyá! Ẹ má sùn!" Mo gbọ́ ìró àtẹ́lẹwọ́ létí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ yẹn, mo mọ ìró rẹ̀.

Orúkọ pípè ò tó fún ìyá yẹn. Ó ń fà sẹ́yìn. Ògúnlékè wá ronú ohun tí èmi ò lè ronú kàn láéláé.

"Ìyá! Ọbẹ̀ yín ò dùn rí láyé mi!"

Ohùn kékeré kan ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni! Huguette mọ ọbẹ̀ sè jù yín lọ!"

Huguette ni orogún ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì kí ara wọn látìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ.

"Huguette?" Ohùn náà ti lé díẹ̀. "Huguette tó ń se ilá bí omi ìfọṣọ?"

"Bàbá mi máa ń sọ pé ilá rẹ̀ ló dùn jù!"

"Irọ́ ni bàbá rẹ ń pa! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò!"

Eustache ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Claudine, pẹ̀lú gbogbo ìrora rẹ̀, ní, "Ta ni wọ́n ń bá jà níta?" Mo ní kó máa tì í. Nígbàkigbà tí ohùn ìyá bá ti ń lọ sílẹ̀, Ògúnlékè á gbé ẹ̀sùn mìíràn dé: pé ó ń jókòó nígbà tí àwọn obìnrin tó kù ń jó, pé ó ń hanrun, pé Huguette ló ni ewúrẹ́ tí wọ́n jọ ń jà lé. Ìyá á bú u. Wọ́n á rìn. Láàárín kan, mo gbọ́ tó ní, "Ìyá, ẹ di igi mú, ẹ máa bú mi lọ, mò ń bọ̀," ó sáré lọ sẹ́yìn máńgòrò, ó bì, ó ṣe gbogbo tirẹ̀ níbẹ̀, ó sáré padà wá gbé apá ìyá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Ọmọ Claudine bọ́ sílẹ̀, obìnrin, ó ké. Nígbà tí mo jáde, oòrùn ti wọ inú ọ̀pẹ. Àwọn méjèèjì ṣì ń rìn. Ikun ti ṣàn dé àyà Ògúnlékè, kò nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ìyá rẹ̀ mú. Mo fetí sí àyà ìyá. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó gún régé. Mo ní kí wọ́n jókòó. Èmi náà jókòó tì wọ́n.

Ẹ má rò pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló wò ó sàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e le, ó tún bú Sakété dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò tún rí ìgò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, igbà sì ti kúrò lára ògiri. Epo tí mò ń jẹ nílé, òun ló kọ ẹyìn rẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí ní Dakar pé oògùn wo ni mo lò, ohun tí mo gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni n óò sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lórí bẹ́ǹṣì, Ìyá la ojú dáadáa, ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Ògúnlékè," ó ní, "ó mà dùn o."

Ògúnlékè gbé ojú sókè wò ó.

"Ẹsẹ̀ tó ń ro mí látọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Ọkàn mi fúyẹ́. Ó dùn. Mi ò mọ̀ pé ohun tó dùn tó báyìí ni mo ní kí o fi sílẹ̀ nítorí mi."

Ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún oògùn. Mo mọ ẹkún oògùn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ mu ún mọ́, Ìyá."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Ògúnlékè fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀, ó dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ ká tún rìn díẹ̀ sí i," ó ní.